Ta Ló Sọ Ọ̀rọ̀ Yìí, Ta Ló Sì Sọ Ọ́ Fún? Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Àga Ìwàásù

Ó ṣòro kí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Yábàá kí wọ́n má ka Jóòbù 8:7. Pásítọ̀ á gbé ọwọ́ lé ọjà, á ní bí ìbẹ̀rẹ̀ yín tilẹ̀ kéré, ìgbẹ̀yìn yín yóò pọ̀ gidigidi, gbogbo èrò á sì ké Àmín. Ẹsẹ náà wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lẹ́yìn dánfó, ó wà lára ike àti abọ́ tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó. Ẹ wá bi àwọn tí ó ṣe Àmín pé ta ló sọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ á ní Ọlọ́run ni.

Bílídádì ará Ṣúà, ọ̀rẹ́ Jóòbù, ni. Ó wá bá Jóòbù níbi tí ó ti ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ mẹ́wàá, ó sì sọ fún un, ní ẹsẹ kẹrin orí kan náà, pé bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti ṣẹ̀, Ọlọ́run ti jẹ́ kí wọ́n jìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ burúkú yẹn ni ó tó wá sọ pé bí Jóòbù bá mọ́ lóòótọ́, nǹkan rẹ̀ á tún gbèrú. Bákan náà ni Jóòbù 22:28 tí a fi ń pàṣẹ ní gbogbo àìsùn, pé a ó sọ ohun kan, yóò sì fi ìdí múlẹ̀ fún wa. Élífásì, ọ̀rẹ́ Jóòbù mìíràn, ló ni ín, nínú ọ̀rọ̀ kan náà tí ó ti fẹ̀sùn kan Jóòbù pé ó bọ́ aṣọ lára ẹni tí kò ní, pé ó lé àwọn opó lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ìwé náà ń parí lọ, ní 42:7, Ọlọ́run sọ fún Élífásì pé ìbínú Òun ru sí i, àti sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, nítorí wọn kò sọ ohun tí ó tọ́ nípa Òun.

N kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin yìí ni irọ́. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ mú gbólóhùn kan láti ẹnu Élífásì lò nínú 1 Kọ́ríńtì 3:19. Ohun tí mò ń sọ ni pé oníwàásù tí kò jẹ́ kí ìjọ mọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ti fi òǹtẹ̀ Ọlọ́run lu ọ̀rọ̀ ẹni tí Ọlọ́run bínú sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ súre fún oníṣọ́ọ̀bù, 42:12 wà níbẹ̀: òǹkọ̀wé ìwé náà ló sọ ọ́ pé Olúwa bùkún ìgbẹ̀yìn Jóòbù ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó má fo orí mọ́kànlélógójì tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹsẹ kan ṣoṣo lára ògiri

Bí a ṣe ń kàwé ni àṣìṣe yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èkó báyìí, ara ògiri ni a ti ń ka Bíbélì. Wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé ẹsẹ kan síbẹ̀, kò pẹ́, wọ́n á gbé òmíràn wá láti inú ìwé mìíràn. Ìjọ kò ní rí èyí tí ó ṣáájú tàbí èyí tí ó tẹ̀lé. Bẹ́ẹ̀, Pọ́ọ̀lù kò fi nọ́ńbà kankan sínú lẹ́tà rẹ̀. Stephen Langton, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó pín orí tí a ń lò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá. Nọ́ńbà ẹsẹ Májẹ̀mú Tuntun tí a mọ̀ lónìí kò sì dé títí di 1551, nígbà tí Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ará Faransé, tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí a lè tètè rí ibi tí a ń wá ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

Lẹ́tà sí àwọn ará Fílípì kò ju orí mẹ́rin lọ. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì ní Ojóta tí ó ń lọ CMS lè kà á tán kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Third Mainland, pàápàá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Á rí i pé inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́, àti pé "mo lè ṣe ohun gbogbo" tí a fẹ́ràn ní 4:13 tẹ̀lé ẹsẹ tí ó ti sọ pé òun ti kọ́ bí a ti ń jẹ àjẹyó àti bí a ti ń fara da ebi. Ẹni tí ebi kò lè yẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ ló ń sọ̀rọ̀. A wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Lẹ́kí.

Èyí tí ó máa ń dùn mí jù ni Númérì 14:28. A ó ní Ọlọ́run wí pé bí ẹ ti sọ sí etí mi ni èmi ó ṣe sí yín, a ó wá ní kí olúkúlùkù la ẹnu kí ó sọ ohun tí ó fẹ́. Ẹ ka 14:29: òkú yín yóò ṣubú ní aginjù yìí. Àwọn tí ó kùn pé ì bá sàn kí àwọn kú sí aginjù ni Ọlọ́run ń dá lóhùn. Nínú gbogbo ọkùnrin tí wọ́n kà láti ẹni ogún ọdún sókè, Kálébù àti Jóṣúà nìkan ni ó yọ. Ìdájọ́ ni, a sì ń ké Àmín sí i láàrin òru.

A kò ní àwáwí. Lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù ti jáde ní èdè wa láti 1850 nípa iṣẹ́ Àjàyí Crowther, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì sinmi títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884. Èkó níbí ni bàbá náà kú sí ní ọdún 1891. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kí gbogbo ìwé náà tó dé ọwọ́ wa láìkù síbì kan, àwa wá ń ka ẹsẹ ogún péré láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí èdè àtijọ́ rẹ̀ bá le fún, Bíbélì Yorùbá òde òní wà lórí tẹlifóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó ṣí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ó tó gun àga ìwàásù.

Iṣẹ́ Hananáyà lẹ́nu Jeremáyà

Ní àìsùn ọdún tuntun, láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta dé Ìkẹjà, kò sí ẹsẹ tí a máa ń kà tó Jeremáyà 29:11, pé Ọlọ́run mọ èrò tí ó ń rò sí wa, èrò àlàáfíà, kì í ṣe ti ibi. Ọ̀rọ̀ náà dùn, òtítọ́ sì ni. Inú lẹ́tà ni ó wà, tí Jeremáyà kọ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹsẹ kẹwàá, tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an, ní 70 ọdún gbọdọ̀ pé fún Bábílónì kí Ọlọ́run tó bẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún nígbà tí lẹ́tà náà dé mọ̀ pé òun kò ní tẹ ilẹ̀ Júdà mọ́. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ìlérí náà ń dúró dè.

Ẹ wá padà sí orí 28. Hananáyà, wòlíì kan láti Gíbéónì, dìde nínú ilé Olúwa lójú àwọn àlùfáà àti gbogbo ènìyàn, ó ní Ọlọ́run ti ṣẹ́ àjàgà ọba Bábílónì, pé láàrin ọdún méjì péré, ohun èlò tẹ́ḿpìlì àti gbogbo ìgbèkùn yóò ti padà délé. Ó já àjàgà ọrùn Jeremáyà, ó ṣẹ́ ẹ. Jeremáyà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ní Àmín, kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ kí ẹrú padà sílé ní kíákíá? Ṣùgbọ́n Ọlọ́run rán an padà láti wí fún Hananáyà pé Olúwa kò rán an, pé ó mú àwọn ènìyàn yìí gbẹ́kẹ̀ lé irọ́. Hananáyà kú ní oṣù keje ọdún náà.

Nítorí náà, oníwàásù tí ó bá ka Jeremáyà 29:11 lóru ọjọ́ kìíní ọdún, tí ó wá sọ fún àwọn ènìyàn pé kí oṣù kẹta tó parí, físà á ti jáde, ọkọ á ti dé, gbèsè á ti tán, iṣẹ́ Hananáyà ló ń jẹ́. Ẹnu Jeremáyà ló fi ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí oṣù kẹta bá wá kọjá lọ, Ọlọ́run ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bínú sí, kì í ṣe pásítọ̀.

Ohun tí lẹ́tà náà ní kí wọ́n ṣe ni a kì í wàásù lé lórí. Ẹ kọ́ ilé kí ẹ gbé inú rẹ̀, ẹ gbin ọgbà, ẹ fẹ́ ìyàwó, ẹ wá àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ, kí ẹ sì gbàdúrà fún un, nítorí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni àlàáfíà yín wà. Ṣé ìwàásù Èkó kọ́ nìyí? Ìdajì àwọn tí ó wà nínú ìjọ ń gbé ìlú yìí bí ẹni tí ó ti di ẹrù sílẹ̀. Gọ́tà tí a ń da ìdọ̀tí sí wà nínú 29:7. Owó oṣù ọmọṣẹ́ wà níbẹ̀. Aládùúgbò tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kì í jẹ́ kí ó sùn, òun náà wà níbẹ̀.

Owó opó, ara aláìsàn

Tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ń kọ́lé, opó tí ó fi owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí, ní Máàkù 12:41 sí 44, ni a máa ń mú jáde: gbogbo ohun tí ó ní ló fi sílẹ̀, ìwọ ńkọ́? Ẹ ka ẹsẹ ogójì. Kí Jésù tó jókòó síwájú àpótí yẹn, ó ti kìlọ̀ nípa àwọn akọ̀wé òfin tí wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run, tí wọ́n ń fi àdúrà gígùn bojú. Ìlà tí ó kàn, opó kan ti dé, ó ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ní 13:2, Jésù ní tẹ́ḿpìlì tí owó náà wọlé sí kò ní ku òkúta kan lórí èkejì. Mo gbà pé ó yin obìnrin náà. Kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ opó mìíràn. Ìyá tí ó ń ta ata ní Mile 12, tí owó ilé ìwé ọmọ wà ní ìdí aṣọ rẹ̀, kí ẹni tí ó fẹ́ wàásù fún un kọ́kọ́ ka ẹsẹ ogójì sí etí ara rẹ̀.

Málákì 3:10, tí a fi ń béèrè ìdá mẹ́wàá, náà ní aládùúgbò tí a kì í kí. Ní 3:5, Ọlọ́run ní Òun ń bọ̀ láti ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí àwọn tí ń rẹ́ alágbàṣe jẹ nínú owó ọ̀yà rẹ̀, tí wọ́n ń ni opó àti aláìníbaba lára. Orí kan náà ni.

Ní ti àìsàn, mo mọ ìyá kan ní Múṣin tí wọ́n wàásù fún pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń lò fi hàn pé kò gba Aísáyà 53:5 gbọ́, pé nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa láradá. Ó da oògùn náà nù. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi gbé e dé ọsibítù, apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn, mo sì ń gbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n Aísáyà yìí kan náà ni ó ní kí wọ́n mú ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé oówo Hesekáyà, ní 2 Àwọn Ọba 20:7, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn. Pọ́ọ̀lù ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ó pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́. Oníwàásù tí ó bá ka ẹsẹ kan tí kò ka mẹ́rin yìí lè pa ènìyàn, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ọ̀tá, ẹni òróró, àti òkúta márùn-ún

Bí wọ́n bá ti ka Ẹ́kísódù 22:18 nípa àjẹ́ tán, ìyá arúgbó tí ó wà nínú ilé ni ojú máa ń lọ sí. Jákọ́bù àti Jòhánù náà rántí Èlíjà, wọ́n fẹ́ pe iná láti ọ̀run sórí abúlé àwọn ará Samáríà tí kò gbà wọ́n. Lúùkù 9:55 sọ pé Jésù yíjú padà, ó bá wọn wí. Májẹ̀mú Láéláé ni wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n sì ṣì í lò lójú Olúwa fúnra rẹ̀.

"Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹni òróró mi" ti Orin Dáfídì 105:15, tí a fi ń pa ẹni tí ó bi pásítọ̀ ní ìbéèrè lẹ́nu mọ́, àwọn ọba ni Ọlọ́run sọ ọ́ fún, nígbà tí Ábúráhámù àti ilé rẹ̀ kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àjèjì ní ilẹ̀ Kénáánì. Ààbò aláìlágbára ni. Kò bá ìbéèrè wí. Pọ́ọ̀lù ta ko Pétérù lójú gbogbo ènìyàn, Gálátíà 2 sọ ọ́.

Ti àwọn oníwàásù tí ń sọ pé òkúta márùn-ún Dáfídì ní orúkọ àṣírí, kò tọ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Àgọ̀sítínì ará Hípò, ọ̀mọ̀wé ńlá ìjọ ìgbàanì, pàápàá ṣe irú àṣìṣe yìí, ó sọ pé olùtọ́jú ilé èrò nínú ìtàn ará Samáríà rere ni Pọ́ọ̀lù. Ìbéèrè tí wọ́n bi Jésù ni pé ta ni ọmọnìkejì mi, ìyẹn ni ìtàn náà ń dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú ìjọ, tí ẹ gbọ́ irú nǹkan báyìí, ẹ má dìde láàrin ìsìn. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18 sọ nípa Àpólò, ọlọ́rọ̀ dídùn, ẹni tí ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, tí ó ń wàásù ní Éfésù ṣùgbọ́n tí ohun tí ó mọ̀ kò pé. Pírísílà àti Ákúílà gbọ́ ọ, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì là á yé e dáadáa. Ẹ dúró kí ìsìn parí. Ẹ lọ bá bàbá, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹsẹ tí ẹ kà lónìí, ta ló sọ ọ́, ta ló sì sọ ọ́ fún?" Ẹ fún wọn láyè kí wọ́n lọ kà á. Àpólò gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ tọkọtaya tí ń pa àgọ́. Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí Ákáyà, ó sì ran àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀.