Síídì ₦300 tó gba ₦31,100 lọ́wọ́ mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Síídì fíìmù Yorùbá àtijọ́ méjìlá ni mo rà ní Dùgbẹ̀, àlòkù ni o, ₦300 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦3,600 péré, inú mi sì dùn délé. Kí á tó rí ẹyọ kan wò nínú ẹ̀, ₦31,100 ti jáde lápò mi, mi ò tíì ka owó ọkọ̀.

Torí Màámi ni. Wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa, gbogbo fíìmù táwọn ọmọ ń fi hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n á wò ó díẹ̀ wọ́n á ní "ẹ bá mi pa á jàre". Ó Le Kú ni wọ́n fẹ́ wò, èyí tí Tunde Kelani ṣe ní 1997 látinú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Wọ́n ní àwọn ní kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nígbà yẹn, aládùúgbò kan wá yá a, kò dá a padà títí dòní.

Rírà síídì ò le, mi ò ní fìyẹn gba àkókò yín. Mo rí pléyà tòkunbọ̀ rà ní ₦12,000, kò ní rìmóòtù. Mo gbé e délé, mo yí ẹ̀yìn tíífí wa síta, kò sí ihò pupa, funfun àti yẹ́lò níbẹ̀ rárá! HDMI méjì, ihò pẹlẹbẹ tí tíífí tuntun fi ń gba àwòrán àti ohùn, àti USB ló wà. Mo di wáyà mẹ́ta pléyà mú, kò síbi tí mo fẹ́ kì í bọ̀.

Wọ́n ní kọ́nfátà ni mo nílò, àpótí kékeré tó máa ń so wáyà mẹ́ta yẹn pọ̀ mọ́ HDMI. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ṣàlàyé pé pléyà àtijọ́ ni mo fẹ́ so mọ́ tíífí tuntun, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní "ọ̀gá mi, èyí lẹ ń wá", ó gba ₦6,500. Mo dé ilé, mo so ó, "No Signal". Mo yọ ọ́, mo tún un so, "No Signal". Mo yí wáyà padà, mo gbé e sí HDMI kejì, mo pa gbogbo ẹ̀ mo tún tàn án, títí aago méjìlá òru kọjá, ìyàwó mi ń sọ pé kí n wá sùn, Màámi náà ní kí n fi sílẹ̀, pé àwọn ti gbàdúrà fún mi. Lọ́jọ́ kejì mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní pléyà mi ló bàjẹ́.

Mo gbé pléyà lọ bá alátùn-únṣe. Ó tú u, ó fi òwú nu ojú lẹ́ǹsì ẹ̀, ó so ó mọ́ tíífí àtijọ́ oníkùn lẹ́yìn tó wà níbẹ̀, ó ṣiṣẹ́! Mo ní kí ló wá ń ṣe é nílé mi? Ó ní kí n mú kọ́nfátà yẹn wá. Ó yí i wò lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní "Brọ̀dá, òdìkejì ni wọ́n tà fún yín". HDMI2AV ló wà lára ẹ̀. Ìyẹn máa ń gba nǹkan láti HDMI wá sínú wáyà mẹ́ta, AV2HDMI lèmi ń wá. Àpótí kékeré kan náà ni méjèèjì, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà. Níbi tí ihò mẹ́ta yẹn wà, INPUT ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tí ẹ bá rí OUTPUT ẹ má sanwó o.

Alátùn-únṣe gba ₦2,000, ó sì fún mi ní rìmóòtù àlòkù kan tó bá pléyà mu, Ọlọ́run bá mi bù kún un. Ṣọ́ọ̀bù yẹn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà padà. Mo tún fi ₦7,000 ra òmíràn níbòmíràn. Mo ki wáyà iná ẹ̀ bọ USB tíífí, àwòrán yọ, àmọ́ dúdú àti funfun! Ìlànà àwọ̀ tíífí tí wọ́n ń pè ní NTSC ni wọ́n fi pléyà sí, mo fi rìmóòtù yí i sí èyí tí wọ́n ń pè ní PAL, àwọ̀ bá padà wá. Inú mi dùn débi pé mo pariwo. Ẹ tún yí tíífí sí 4:3, ìwọ̀n ojú tíífí àtijọ́, tí ẹ ò bá yí i, gbogbo ojú á fẹ̀ bí ojú àwo ni.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rẹ́ mi ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń gba síídì, tó sì ní HDMI. VLC, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo fíìmù, á ṣí síídì yẹn wẹ́rẹ́, inú fódà MPEGAV ni fíìmù ẹ̀ máa ń wà. Ká ní mo bi í léèrè kí n tó jáde nílé, ₦3,600 yẹn nìkan ni mi ò bá ná.

Fíìmù náà wá ńkọ́? Àwòrán síídì ò mọ́ kedere lórí tíífí ńlá, ẹ má retí pé á mọ́. Àmọ́ Yorùbá ẹnu wọn! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀gá ni mo ka Àjàní sí, ọmọkùnrin tí obìnrin mẹ́ta ń dù. Ní báyìí tí mo ti lọ́mọbìnrin, inú ẹ̀ bí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ Yemi Shodimu ṣe é dáadáa ni. Màámi ò tiẹ̀ ráyè Àjàní. Ìró kékeré àti bùbá yẹn ni wọ́n ń wò, àṣà tí fíìmù yẹn jí dìde tí gbogbo ayé wá ń pè é ní ó le kú. Wọ́n fọwọ́ kan orúnkún, wọ́n ní "ibí yìí ni tèmi mọ". Ó há níbì kan, mo fi aṣọ rírọ̀ nu síídì láti àárín lọ sí etí, mi ò nù ún yípo, ó ń lọ.

Èyí tá a fẹ́ wò lọ́jọ́ kejì ni Saworoidẹ, ti 1999. Síídì kan ò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́ méjì. Kólá Oyèwọ̀ ṣe Lápité, ọba inú fíìmù náà, débi pé mo kórìíra ẹ̀, Fálétí náà ń dá wa lára yá bí Ọ̀pálábá, ibi tó ti dùn gan-an ni ti àkọ́kọ́ parí. Mo ki ìkejì bọ̀ ọ́, fújì ló ń kọ! Síídì fújì ni wọ́n kì sínú páálí Saworoidẹ tà fún mi. Màámi rò mí ìyókù lẹ́nu títí oorun fi gbé àwọn ọmọ lọ. Ọjọ́ Sátidé mò ń padà sí Dùgbẹ̀, mo sì máa ṣí páálí wò níbẹ̀ kí n tó sanwó.