Bí mo ṣe ṣètò oúnjẹ fún ọmọ yunifásítì tó ń díje nínú jimnásíìkì

Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ jimnásíìkì yunifásítì ní Amẹ́ríkà ni mo ṣe iṣẹ́ yìí fún. Ó mọ eré náà dáadáa, ṣùgbọ́n okun rẹ̀ ti máa ń tán kó tó kan eré orí ilẹ̀, èyí tó ń kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ onílé. Ẹni mẹ́fà ló ń ṣeré lórí ohun èlò kọ̀ọ̀kan (bí ọ̀pá tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ eré), máàkì márùn-ún tó ga jù ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ṣubú, 0.5 ti lọ nínú 10 rẹ̀ nìyẹn.

Kí n tó dá ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀, mo bi í nípa nǹkan oṣù rẹ̀ àti bóyá egungun rẹ̀ ti sán rí. Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, dókítà ló kàn. Ní 2014, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé fún ìṣòro yìí ní orúkọ, RED-S: oúnjẹ kò tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, ara wá ń fi egungun, ẹ̀jẹ̀ àti nǹkan oṣù dí àlàfo náà.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Mo ní kó máa ya fọ́tò abọ́ rẹ̀ kó tó jẹun àti lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Kíkọ sílẹ̀ nìkan kì í tó, torí àwọn eléré máa ń gbàgbé òróró àti mílíìkì inú kọfí, wọ́n sì máa ń kọ ohun tó ṣẹ́ kù nínú abọ́ mọ́ ohun tí wọ́n jẹ. Ohun tó ń jẹ tó kálórì 1,700 lóòjọ́. Ìdánrawò ń gba 500. Aago ọwọ́ tó ń ka kálórì kò wúlò níbí, wọ́n ń bọ́ ọ kí wọ́n tó rọ̀ mọ́ ọ̀pá, nítorí náà wákàtí ìdánrawò àti ìwọ̀n ara ni mo fi ṣírò rẹ̀. Ó wọ̀n kílò 55. Tí a bá yọ ọ̀rá kúrò, ó ku kílò 45. Yọ 500 ìdánrawò kúrò nínú 1,700, pín kálórì 1,200 tó ṣẹ́ kù sí 45: bíi 27 fún kílò kan. Ohun tó bá ti wà lábẹ́ 30 léwu. Kálórì 45 fún kílò kan ni mo ń lé: 45 lọ́nà 45, pẹ̀lú 500 ìdánrawò, ìyẹn kálórì 2,525 lóòjọ́.

Ẹ má ṣe bu bíi 800 tó kù lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ikùn á wú nínú aṣọ eré tó fún mọ́ra, á sì pa ètò náà tì. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíi 300: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti ṣíbí ìjẹun méjì bọ́tà ẹ̀pà láàárín oúnjẹ ọ̀sán àti ìdánrawò, torí ibẹ̀ ni àlàfo náà ti gùn jù. Ìyókù ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje gan-an ló nílò ìṣọ́ra jù. Tí ìdíje bá jẹ́ aago méje alẹ́, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni oúnjẹ ńlá: ife ìrẹsì sísè méjì, ẹran adìyẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gíráàmù 2 èròjà afúnnilókun fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀wà, kò sí dídín, torí ikùn tí afẹ́fẹ́ kún kò ní jẹ́ kó lè yí po lórí ọ̀pá. Aago mẹ́fà, búrẹ́dì ẹyọ kan àti jáàmù. Bí ẹ̀rù kò bá jẹ́ kó lè gbé e mì, kó mu èso lílọ̀. Láàárín ohun èlò kan sí òmíràn, ẹfun tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ kó má bàa yọ̀ ti bo ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà ìgò tó ní ìfàmu ló dára, kó máa mu ohun mímu aládùn tàwọn eléré ìdárayá díẹ̀díẹ̀. Ohun tí kò bá tíì dán wò ní ìdánrawò kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn eré, mílíìkì oníṣokoléètì ìlàjì lítà: ó ń fún un ní bíi gíráàmù 16 èròjà amúaradàgbà.

Kóòṣì sábà máa ń béèrè iye tó wọ̀n. Èmi kì í fún wọn, mi ò sì gbà kí wọ́n gbé ẹnikẹ́ni lórí òṣùwọ̀n níwájú ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í febi pa ara wọn.

Ẹni tó ti ṣe eré yìí tó fẹ́ di onímọ̀ oúnjẹ tó ní ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà, oyè másítà ni wọ́n ń béèrè láti January 2024 kó tó lè jókòó ìdánwò, pẹ̀lú ó kéré tán wákàtí 1,000 iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá.