Bẹ́ ẹ ṣe lè dín májèlé inú omi ṣúgà tó jáde lára pòròpórò kù kẹ́ ẹ tó da yíìsì sí i

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da yíìsì, ìyẹn ohun tó ń sọ ṣúgà di ọtí, sí i. Omi tó jáde lẹ́yìn tẹ́ ẹ fi ásíìdì se pòròpórò tàbí igi yẹn, ṣúgà nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ o. Iná ti sọ díẹ̀ nínú ṣúgà náà di kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní furfural àti HMF, acetic acid (ásíìdì inú fínígà) ti já bọ́ lára hemicellulose (ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di pòròpórò àti igi), lignin (ohun tó ń mú igi le) náà ti tú àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní phenol sílẹ̀, gbogbo wọn ló ń dààmú yíìsì, ó lè pẹ́ gan-an kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí kó má ṣiṣẹ́ rárá.

Ẹ kọ́kọ́ wo síse yẹn fúnra ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá lè dín iná tàbí ásíìdì kù tí ṣúgà ò sì ní kéré jù, ẹ dín in kù.

Lime lọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, calcium hydroxide ni mò ń sọ o, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú yín. Ẹ sẹ́ omi náà, ẹ jẹ́ kó gbóná dé bíi 50 sí 60°C, kẹ́ ẹ wá máa bu lime sí i díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ máa rò ó títí pH (òṣùwọ̀n tó ń sọ bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó, bó bá ṣe ga tó ni ásíìdì ń dín kù) á fi dé 9 sí 10, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí 30 mínítì, ẹ sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ kúrò, ẹ wá fi sulfuric acid dá pH padà sí bíi 5.5. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: èèyàn á rò pé bí lime bá ṣe pọ̀ tó ni omi á ṣe mọ́ tó, ó di pé ṣúgà tá à ń wá gan-an ló ń bàjẹ́. Ẹ wọn ṣúgà ṣáájú, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn, ẹ má fojú díwọ̀n. Dípò lime, ammonium hydroxide ni èmi fẹ́ràn jù, kì í mú gypsum (gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó máa ń wáyé tí lime bá pàdé sulfuric acid) wá, nitrogen inú ẹ̀ tún di oúnjẹ fún yíìsì, àmọ́ òórùn ẹ̀ le, ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn wà.

Lime ò yọ acetic acid o! pKa ẹ̀, ìyẹn pH tí ìdajì ẹ̀ ti máa ń jù hydrogen sílẹ̀, jẹ́ 4.76, torí náà tí pH bá wà ní 5.5 sí 6, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ á ti jù ú sílẹ̀, kò sì ní ráyè wọnú yíìsì. Tó bá jẹ́ phenol ló ń yọ yín lẹ́nu, activated charcoal (èédú tí wọ́n ṣe kó lè máa fa kẹ́míkà mọ́ra) dáa, ó kàn máa ń gbé ṣúgà díẹ̀ lọ, ẹ́ńsáìmù laccase náà ń ṣe é àmọ́ kì í fọwọ́ kan furfural. Furfural ní tiẹ̀, yíìsì fúnra ẹ̀ lè sọ ọ́ di furfuryl alcohol tí oró ẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀ ẹ da yíìsì tó pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì máa fi omi náà kún un ní díẹ̀díẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ṣe èyí tó pọ̀, ẹ dán an wò nínú ìgò mẹ́ta: omi tẹ́ ò tíì fọwọ́ kàn, èyí tẹ́ ẹ ti tọ́jú, àti omi ṣúgà lásán tí iye ṣúgà ẹ̀ bá tiwọn mu. Tí ìgò kejì bá ti ń ṣe bíi ti ẹ̀kẹta, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́.