Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Ọ̀bẹ Àpò Àtijọ́ Ṣe Láì Fọ Ìtàn Ara Ẹ̀ Dànù

Inú agolo Bournvita ni mo ti rí i. Ẹ mọ agolo Bournvita ńlá àtijọ́ yẹn, tó jẹ́ pé ilé yòówù kẹ́ ẹ ti ṣí i, Bournvita nìkan lẹ ò ní bá níbẹ̀. Ìṣó tó ti tẹ̀, bátìrì tó ti sun omi, kọ́kọ́rọ́ tẹ́nì kankan ò mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí, bọ́tìnnì oríṣiríṣi, ó wá ku ọ̀bẹ kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá, irú èyí tí wọ́n ń pa dé tí wọ́n ń kì sápò, ó ti dógùn-ún, ó sì ti lẹ̀ pa. Òrùlé ilé wa n'Ílaròó ló ń jò tá a fi lọ palẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó ń wá ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe di èèkù ẹ̀ mú báyìí, igi tí ọwọ́ ti fà dán, mo ti mọ̀ pé ọ̀bẹ Dádì ni. Ọ̀bẹ ọsàn.

Tíṣà ni Dádì mi, ọ̀bẹ yẹn ò sì kúrò lápò sòkòtò wọn. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù fáwọn ọmọ iléèwé láàárọ̀, òun ni wọ́n fi ń họ orógbó lọ́sàn-án, tó bá wá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, wọ́n á gbé ọsàn lé ọwọ́ òsì, ọ̀bẹ ò ní kúrò lójú kan o, ọsàn ló ń yí, èèpo á wá máa sọ̀ kalẹ̀ bíi rìbọ́ọ̀nù, tín-ín-rín, kò ní já títí tó fi máa kanlẹ̀. Àwa ọmọ á máa du èèpo yẹn, a máa ń fi wé ọrùn ọwọ́ bí aago.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí mo rí ọ̀bẹ yìí gan-an lohun tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe. Mo wá píláyà, mo fi fún ojú ọ̀bẹ mú, mo fà á. Kò ṣí. Ojú eyín píláyà sì wà lára irin yẹn dòní. Dádì lo ọ̀bẹ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn ò dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i lára, èmi lo ìṣẹ́jú méjì péré.

Torí náà, ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gbé e sílẹ̀ ná. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fi yanrìn ha á, ẹ má tíì fa nǹkan kan. Ẹ gbé e sórí aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ní tibí ní tọ̀hún, ẹ ya ibi tí wọ́n bá kọ nǹkan sí, ibi tó sán, ibi tó dúdú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá àgbàlagbà tó mọ ọ̀bẹ náà lọ, kẹ́ ẹ tẹ rẹ́kọ́dà fóònù yín, kẹ́ ẹ wá gbé ọ̀bẹ yẹn lé e lọ́wọ́. Ẹ gbé e lé e lọ́wọ́ o, ẹ má kàn fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọwọ́ máa ń rántí ohun tí ẹnu ti gbàgbé. Kẹ́ ẹ tó ṣàtúnṣe kankan ni kẹ́ ẹ ṣe èyí, torí tó bá ti dán gbinrin tán, ẹni náà lè wò ó kó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Èmi gbé tiwa fún Mọ́mì, mo ní, "Mọ́mì, ẹ wo ọ̀bẹ tí Dádì rà ní Kútọnu." Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi àtàǹpàkò ra ìdí ẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé bàbá ẹ ló rà á?"

Ẹ gbà mí o. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn pé Dádì ló ra ọ̀bẹ yẹn ní Kútọnu. Àṣé Mọ́mì ni! Wọ́n lọ ra ìkòkò lọ́jà Dantokpa, lásìkò tí wọ́n ṣì ń gba Ìdí-Ìrókò lọ bọ̀ pẹ̀lú ọjà lórí, wọ́n sanwó tán, ìyálọ́jà tó ta ìkòkò ò ní sẹ́ńjì, wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ títí, ló bá mú ọ̀bẹ kan nínú atẹ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní kí wọ́n fi dí sẹ́ńjì. Mọ́mì ní inú ń bí àwọn títí dé bọ́dà. Ọdún tí mo wọ prámárì wan ni, ìyẹn 1987. Ká ní mo ti kọ́kọ́ fọ ọ̀bẹ yẹn ni, mi ò rò pé màá bi wọ́n léèrè ohunkóhun, màá kàn gbé e sórí tábìlì kí gbogbo èèyàn wá wò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì ni pé kẹ́ ẹ ka ara ọ̀bẹ fúnra ẹ̀, torí òun náà ń sọ̀rọ̀. Tiwa, bí mo ṣe fi gíláàsì wò ó, àmì ọwọ́ kan wà lára irin ẹ̀, wọ́n dé adé lé ọwọ́ náà. Opinel nìyẹn, ọ̀bẹ àwọn ará France. Agbègbè Savoie, níbi òkè Alps, ni Joseph Opinel ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1890, 1909 ni wọ́n mú àmì ọwọ́ aládé yẹn. Ọwọ́ náà wá láti ara àmì ìlú Saint-Jean-de-Maurienne tó wà nítòsí wọn, adé sì jẹ́ ti Savoie torí ìlú olóyè ni tẹ́lẹ̀. Ibi tí France sì ti ń ṣe ìjọba Dahomey (Benin òní) rí, kò yani lẹ́nu pé ọ̀bẹ wọn dé Dantokpa.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí: òrùka irin kan wà lọ́rùn ẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń yí, òun ló ń dá ojú ọ̀bẹ dúró kó má pa dé mọ́ yín lọ́wọ́. 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka yẹn sí i. Nígbà tó fi di 2000 wọ́n tún un ṣe débi pé ó lè ti ọ̀bẹ pa tó bá wà ní pípadé náà. Tiwa, tó bá ṣí nìkan ló ń tì. Ó bọ́ sí àárín 1955 sí 2000 nìyẹn, ó sì bá ìtàn Mọ́mì mu wẹ́kú. (Àwọn kéékèèké wọn ò ní òrùka rárá o, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ bó ṣe tóbi sí, láti nọ́ńbà 6 lọ sókè ló ń ní in, ẹ má lọ rò pé tiyín ti di ti ayé ìgbà nnì.) Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ pupa tó ní síṣọ́ọ̀sì àti ohun ìṣígo lára lẹ bá ní tiyín, tẹ́ ẹ rí Victorinox lára ẹ̀, 1921 ni wọ́n fi "inox" kún Victoria, orúkọ ìyá ẹni tó dá a sílẹ̀ (inox ni irin tí kì í dógùn-ún).

Ó yá, ṣíṣí. Ọ̀bẹ onígi tó bá ti pẹ́ níbi tó rin, igi ẹ̀ máa ń wú, á sì há ojú ọ̀bẹ mọ́nú. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, nínú ibòji o, oòrùn á la igi yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ kán kẹrosíìnì bíi ẹ̀kán mẹ́ta sí ibi ìṣó tí ojú ọ̀bẹ ti ń yí, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Tó bá dàárọ̀, ẹ yí òrùka kúrò lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ wá fi ìdí èèkù gbá orí tábìlì, kó! kó! Ṣónṣó ojú ọ̀bẹ á yọ jáde díẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn ará Savoie fúnra wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn tí igi bá wú. Tiwa gbà tó ìgbà mẹ́jọ. Mo fi aṣọ wé ọwọ́ kí n tó fà á, ẹ̀yin náà ẹ wé tiyín, ọ̀bẹ tó ti kú yẹn ṣì lè gé yín.

Ìpatà ló kàn, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba nǹkan jẹ́. Nǹkan méjì ló wà lójú ọ̀bẹ àtijọ́, wọn ò jọra. Èyí tó pupa bí ilẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tó ń jẹ irin lọ sínú, ìpatà nìyẹn, ọ̀tá ni, ẹ lé e jáde. Èyí tó dúdú bí eérú tó pọ́n búlúù díẹ̀, tẹ́ ẹ fọwọ́ ra tí ò kúrò, iṣẹ́ omi ọsàn nìyẹn. Irin tí kì í ṣe inox, tó bá ń kan nǹkan kíkan lójoojúmọ́, á dúdú bẹ́ẹ̀, àwọ̀ yẹn sì tún ń bá a dí ìpatà pupa lọ́nà. Ọdún gbọọrọ tí Dádì fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fi sáńdípépà họ ìyẹn kúrò torí kó lè dán bí tuntun, kó kúkú lọ ra tuntun lọ́jà.

Ẹ mú kàn-ìn-kàn-ìn onírin, èyí tó fẹ́lẹ́ jù tẹ́ ẹ bá rí, ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, ẹ máa fi ra ibi tó pupa nìkan, ní pẹ̀lẹ́, lọ síbi kan náà, ẹ má máa yí i ká. Tó bá ṣorí kunkun, ẹ la ọsàn wẹ́wẹ́ kan, ìyẹn láìmù, ẹ fi ra ibẹ̀, kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ ti fi omi ṣan án kẹ́ ẹ nù ún gbẹ fáú. Mo ti rí àwọn tó ní kéèyàn ri ọ̀bẹ sínú fínígà kó sùn síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irin lẹ ń sè yẹn. Tó bá fi máa di àárọ̀ á ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ sójú ọ̀bẹ.

Pípọ́n. Ẹ má gbé e fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ olóbìírí kiri àdúgbò, ẹ dákun. Ìyẹn dáa fún ọ̀bẹ ìdáná, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣẹ́ pàràpàrà yẹn máa ń mú ẹnu ọ̀bẹ gbóná, ẹnu tó fẹ́lẹ́ tó bá ti gbóná jù, líle irin ti lọ nìyẹn, ẹ ó máa pọ́n ọn lónìí, á kújú lọ́la. Òkúta ìpọ́nbẹ ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí wọ́n kọ 1000 sí lára dáa, ẹ da omi sí i. Tí ò bá sí, ẹ dojú mọ́ọ̀gì tíì dé, etí ìdí ẹ̀ tí ò dán yẹn ń pọ́n ọ̀bẹ dáadáa. Ní ti bó ṣe máa dà sí: ẹ gbé ọ̀bẹ dúró ṣánṣán lórí òkúta, 90 nìyẹn. Ẹ dà á sí ààbọ̀, 45. Ẹ tún da ìyẹn sí ààbọ̀, ó ti ku bíi 22, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ di ọwọ́ yín mú sí. Ẹ wá máa tì í lọ bí ẹni fẹ́ bó èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára òkúta, láti ìdí dé ṣónṣó. Tó bá tó ogún ìgbà, ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ẹ̀yìn ọ̀bẹ bọ̀ wá síbi ẹnu, ẹ má gbé ọwọ́ lọ gba orí ẹnu o. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ bíi pé nǹkan tín-ín-rín kan ń ha yín lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ti tó, ẹ yí i. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi ẹ̀yìn bẹ́líìtì awọ nù ún bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ̀yìn ọ̀bẹ máa ṣíwájú. Ẹ fi gé bébà. Tó bá gé e láì fà á ya, ó ti mú nìyẹn.

Nígbà tí mò ń pọ́n tiwa ni mo rí i pé ikùn ojú ọ̀bẹ náà ti wọnú, kò rí gbọọrọ bí ti tuntun. Orí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà ni Dádì ti máa ń pọ́n ọn, ojú kan náà, ní gbogbo Sátidé. Ibi tí sìmẹ́ńtì náà ti jìn wọnú ṣì wà níbẹ̀ n'Ílaròó, mo gbé ọ̀bẹ lé e, ó bá a mu. Mi ò gbìyànjú láti tọ́ ọ.

Èèkù ò ní wàhálà. Aṣọ tó rin díẹ̀ àti ọṣẹ díẹ̀, ẹ má ri i sómi, tó bá gbẹ tán ẹ fi òróró linseed ra á tẹ́ ẹ bá rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ya àwòrán, kẹ́ ẹ nù ún nù dáadáa. Ibi tó dúdú torí òógùn ọwọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tọ́jú ẹ̀, ẹ fi bébì ọ́ìlì ra ojú ọ̀bẹ fẹ́ẹ́, kẹ́ ẹ wé e sínú aṣọ gbígbẹ. Ẹ má fi í sínú àpò awọ, awọ máa ń gba ọ̀rinrin mọ́ra. Nígbà òjò, kẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham, ní London, ti ń pè pé kí n fi ránṣẹ́, pé àwọn ni àkọ́bí. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n inú báàgì tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ló máa wà o, tó bá lọ bọ́ sí ti ọwọ́ wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá sì dé ọ̀hún, kí wọ́n fi sílé. Òfin Britain gbà kéèyàn máa gbé ọ̀bẹ àpò tí ẹnu ẹ̀ ò ju íǹṣì 3 lọ tí kò sì ní ohun tó ń tì í. Tiwa, nọ́ńbà 8 ni, sẹ̀ńtímítà 8.5 ni ojú ẹ̀, ìyẹn ju íǹṣì 3 lọ, ó sì ní òrùka. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Sátidé tó kọjá mo ra ọsàn mẹ́fà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èèpo tèmi já lẹ́ẹ̀mẹ́rin lára ọsàn kan ṣoṣo, ọ̀bẹ sì mú bí nǹkan míì o. Mọ́mì wò mí títí, wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba ọ̀bẹ. Wọ́n di ọsàn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, wọ́n ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lọ, wọn ò tiẹ̀ wò ó, èèpo ń sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ títí ó fi kan bàtà wọn.

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Mọ́mì, àṣé Dádì kọ́ yín náà."

Wọ́n gé orí ọsàn, wọ́n nà án sí mi. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ta?"