Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ohun Tí Ìyípadà Iye Ènìyàn Lè Ṣe sí Ọjọ́ Iwájú Ẹgbẹ́ Republican

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó di ìlànà àtijọ́ mú, irú ẹgbẹ́ Republican ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní láti kọ́kọ́ gbà pé iye orí kì í ṣe iye ìbò. Ìwé ìkànìyàn lè sọ fún wa pé ẹ̀yà kan ń pọ̀ sí i tí òmíràn sì ń dínkù, pé àwọn àgbà ń lọ tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń gbapò wọn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí wọn yóò dìbò fún. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ti forí ṣánpọ́n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ máa ń ṣe ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ní 2020, àwọn aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe Látínò jẹ́ ìdá 57.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo olùgbé Amẹ́ríkà. Àwọn Látínò, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti Mẹ́síkò, Kúbà, Puerto Rico àti àwọn ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà yòókù wá, jẹ́ ìdá 18.7. Ẹ má tíì fi èyí ṣírò ìdìbò. Ìkànìyàn ka ọmọ ọwọ́, ó sì ka àlejò tí kò tíì gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ orílẹ̀-èdè tó ti pé ọdún 18 nìkan ló lè dìbò yan ààrẹ. Ìdí nìyí tí àjọ ìwádìí Pew fi ṣírò pé, fún ìdìbò 2024, àwọn Látínò kò ju nǹkan bí ìdá 14.7 lọ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Lẹ́yìn ẹ̀tọ́, ó ku ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, ó ku kí ènìyàn jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni àwọn kan ti ń já sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ni wọ́n máa ń já sílẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà kí ẹ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ẹ jẹ́ ká gbà pé olùdìbò 1,000 ló wà ní ibì kan, tí 700 nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà àkọ́kọ́, tí 300 sì jẹ́ ẹ̀yà kejì. Bí ẹgbẹ́ náà bá gba ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ẹ̀yà àkọ́kọ́, tó sì gba ìdá 30 ti ẹ̀yà kejì, ìbò 420 àti ìbò 90 ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 510, ẹgbẹ́ náà sì borí. Ká ní lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ẹ̀yà àkọ́kọ́ ti di 650, tí ẹ̀yà kejì sì ti di 350, láìsí pé ẹnikẹ́ni yí ọkàn padà, ìbò ẹgbẹ́ náà yóò di 390 àti 105, ìyẹn 495, wọ́n sì ti pàdánù nìyẹn. Ìṣirò tó ń dẹ́rù ba àwọn olórí ẹgbẹ́ Republican láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí ìtìlẹ́yìn ẹ̀yà kejì bá kúrò ní ìdá 30 tó di ìdá 36 péré: 390 àti 126 yóò di 516, èyí tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyípadà iye ènìyàn máa ń rọra wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ìyípadà ọkàn lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìdìbò kan sí èkejì. Nítorí náà, ẹ ṣe ìṣirò méjèèjì nígbà gbogbo, kí ẹ má sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 2012 fi èyí hàn kedere. Lọ́dún yẹn, Mitt Romney, olùdíje Republican fún ipò ààrẹ, gba ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò àwọn aláwọ̀ funfun, síbẹ̀ ó fìdí rẹmi; ìdá 27 péré ló rí gbà nínú ìbò àwọn Látínò. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ náà gbé ìròyìn kan jáde tó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fara mọ́ àtúnṣe òfin ìwọ̀lú, kí wọ́n má bàa pàdánù títí lọ. Donald Trump gba ọ̀nà tó lòdì sí ìmọ̀ràn náà pátápátá, ó sì wọlé ní 2016. Ní 2024, ìwádìí tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fi ìpín rẹ̀ láàárín àwọn Látínò sí ìdá 46.

Bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà ti gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí àdúgbò kan, kí ẹ wò ó fínnífínní. Àgbègbè Starr wà ní gúúsù Texas, létí odò Rio Grande tó pààlà Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ló jẹ́ Látínò. Ní 2016, Hillary Clinton, olùdíje ẹgbẹ́ Democratic tó jẹ́ alátakò Republican, gba ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ibẹ̀, Trump sì gba ìdá 19. Ní 2020, ìdá ti Trump ti di 47. Ní 2024, ó borí pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 58, bẹ́ẹ̀ sì ni láti 1892 ni olùdíje Republican fún ipò ààrẹ ti borí níbẹ̀ kẹ́yìn. Láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, ẹ̀yà àwọn ará ibẹ̀ kò yí padà. Ohun tí wọ́n ń rò nípa owó ọjà, nípa iṣẹ́ epo rọ̀bì àti iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè, àti nípa ẹni tó ń gbọ́ tiwọn ló yí padà. Èmi kò lè fara mọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìbò ẹ̀yà kan jẹ́ ogún bàbá ẹgbẹ́ kan. Ènìyàn tó ní ìrònú ni olùdìbò, ó sì yẹ kí ìṣirò wa bọ̀wọ̀ fún ìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe torí èyí sọ pé iye ènìyàn kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹgbẹ́ Republican borí ní California nínú gbogbo ìdìbò ààrẹ láti 1968 títí di 1988, kò sì borí níbẹ̀ mọ́ láti 1992. Ní 1994, gómìnà Pete Wilson, ọmọ ẹgbẹ́ náà, ṣe àtìlẹ́yìn fún Àbá 187, tó fẹ́ kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn tó wọ̀lú láìní ìwé àṣẹ lo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ìlera. Àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i, gómìnà sì tún wọlé; ṣùgbọ́n omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu, nítorí ọ̀pọ̀ Látínò gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà, wọ́n sì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Àbá náà nìkan kọ́ ló fà á. Ìparí Ogun Tútù, ìyẹn ìfagagbága Amẹ́ríkà àti Soviet, pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ohun ìjà àti ọkọ̀ òfurufú ní gúúsù California, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó sábà máa ń dìbò fún ẹgbẹ́ náà sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, ẹ máa bèèrè ẹni tó ń wọlé, ẹ bèèrè ẹni tó ń jáde, kí ẹ sì bèèrè ohun tí ẹgbẹ́ náà ń sọ létí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ibi tí ènìyàn ń gbé tún ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń kó ìbò aṣojú tirẹ̀ wá, iye àga tó ní nílé aṣòfin àpapọ̀ ló sì ń pinnu iye ìbò náà; ẹni tó bá kó 270 nínú 538 ló ń di ààrẹ. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2020, Texas gba àga méjì sí i nílé aṣojú-ṣòfin, Florida gba ọ̀kan, California àti New York sì pàdánù ọ̀kan ọ̀kan. Ènìyàn 89 péré ló kù kí New York má pàdánù tirẹ̀.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni ti àwọn tó ka àwọn aláwọ̀ funfun sí ọ̀kan ṣoṣo. West Virginia, níbi tí nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún olùgbé jẹ́ aláwọ̀ funfun, dìbò fún Bill Clinton ti ẹgbẹ́ Democratic ní 1992 àti 1996. Ní 2024, Trump gba nǹkan bí ìdá 70 níbẹ̀. Ní ẹ̀yìn odi Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ẹ̀wẹ̀, Romney borí ní àgbègbè Cobb àti Gwinnett ní 2012, ṣùgbọ́n láti 2016 ni méjèèjì ti bọ́ mọ́ ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Ní Gwinnett, àwọn ẹ̀yà mìíràn tó kó wọ̀lú ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun tó kàwé gboyè yunifásítì pàápàá ti ń kúrò lẹ́yìn ẹgbẹ́ náà káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹ wo ẹ̀sìn pẹ̀lú: ìwádìí Pew rí i pé àwọn tó pe ara wọn ní Kristẹni jẹ́ ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní 2007, wọ́n sì jẹ́ ìdá 62 ní 2023 sí 2024. Fún ẹgbẹ́ tó fi ìjọ ṣe òpómúléró, ó ṣeé ṣe kí èyí wúwo ju ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún orísun nọ́ńbà. Fún àwọn Látínò ní 2024 kan náà, Pew, tó fi àkọsílẹ̀ ìjọba rí i dájú pé ẹni tí wọ́n bi léèrè dìbò lóòótọ́, rí ìdá 48 níbi tí ìwádìí ọjọ́ ìdìbò ti rí 46. Bí ìyàtọ̀ tí ẹ fẹ́ fi gbé àríyànjiyàn yín ró bá kéré tó báyìí, ẹ jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ kọ àbájáde yín, ẹ má kọ àsọtẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ kọ èyí tí ìtìlẹ́yìn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dúró bó ṣe wà, ẹ kọ èyí tí èrè ẹgbẹ́ náà láàárín àwọn Látínò ti ń pọ̀ sí i, kí ẹ sì kọ èyí tí èrè náà ti pòórá nígbà tí Trump kò bá sí lórí ìwé ìdìbò mọ́. Ẹ ṣe é ní ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ìkànìyàn 2030 yóò tún àga pín, ìpín tuntun yẹn ni wọn yóò sì fi dìbò yan ààrẹ ní 2032.