Ẹ má fi àdá kọ́rí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹnì kan bá ní "ọmọ náà fi àdá kọ́rí," ẹ̀rín ni ẹ ó fi rín, nítorí àáké la fi ń kọ́rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì rí. Wọn kì í pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Èyí tí mo ń gbọ́ jù ní Nàìjíríà ni "cut your coat according to your size." "According to your cloth" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ. Mo fura pé "ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́" tiwa ló ti "size" wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi télọ̀ léèrè: bí oníbàárà bá sanra, tí aṣọ tó gbé wá kò sì ju yáàdì méjì lọ, ṣé ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọn yóò gé? Aṣọ tó wà nílẹ̀ ni. Owó ọwọ́ ẹni ni òwe náà ń bá wí. "Half bread is better than none" náà ń kọ́? "Half a loaf" ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀: "I heard your father kicked the bucket." Lóòótọ́, ikú ló túmọ̀ sí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni. Àfi bí ìgbà tí ọba wàjà, tí ẹnì kan wọ ààfin tó ní kábíyèsí ti ta téru nípàá! "Passed away" ló yẹ kó kọ. Ẹ má sì yí i sí "the bucket was kicked," korobá gidi ni òǹkàwé yóò rí. "The beans were spilled" ń lọ geere ní tirẹ̀, ó sì ṣì túmọ̀ sí pé àṣírí tú. Etí la fi ń mọ èyí tó gba ìyípadà.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtumọ̀ tí ẹ fi ojú Yorùbá wò. Ẹni tó bá ń "pull your leg" kò fà yín sẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́, ó kàn ń bá yín ṣàwàdà ni.

Nínú àròkọ WAEC, máàkì 20 nínú 50 wà fún ìlò èdè, ìdí nìyẹn táwọn ọmọ fi ń há àkànlò èdè sórí ní òru ọjọ́ ìdánwò, tí wọ́n á wá máa rọ́ ọ sí gbogbo ìlà. Ọ̀kan kọ ọ́ fún mi pé: "My father prays once in a blue moon every morning." Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni "once in a blue moon" túmọ̀ sí. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, mo wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé òwúrọ̀ wo gan-an ni.