Kọ́tà jẹ owó mi ju alumíníọ̀mù tí mo fẹ́ gbẹ́ lọ

Owó tí kọ́tà, ọ̀pá eléyín tó ń yí lórí ẹ̀rọ milling láti gbẹ́ irin, gbà lọ́wọ́ mi lórí iṣẹ́ yìí ju owó pléètì alumíníọ̀mù tí mo fẹ́ gbẹ́ lọ, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹni tó ta kọ́tà náà fún mi ní, "Ọ̀gá mi, kò sí irin tí èyí ò lè jẹ." Irọ́ gbuu. Ó ń jẹ irin líle lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó mú un dára fún irin líle gan-an ló sọ ọ́ di aláìwúlò lórí alumíníọ̀mù.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kò ju báyìí lọ. Màámi ní ẹ̀rọ ìlọta níwájú ilé. Pákó tí mọ́tò rẹ̀ jókòó lé ti là, bẹ́líìtì ń dẹ̀, ata ò kúnná mọ́, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn. Wẹ́dà àdúgbò fẹ́ fi irin ṣe ìjókòó tuntun fún un, ṣùgbọ́n omi ata kì í jẹ́ kí irin pẹ́ kó tó dógùn-ún. Mo ní rárá, pléètì alumíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 12 ni màá lò, kí n gbẹ́ ihò gbọọrọ mẹ́rin sí i, kí mọ́tò lè máa sún síwá sẹ́yìn nígbàkígbà tí bẹ́líìtì bá dẹ̀. Òwódé Onírin ni mo ti ra pléètì náà, kílò ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún mi. Bí mo ṣe fi ayùn gé e, tí mo fi fáìlì tọ́ etí rẹ̀, tí mo sì fa ìlà sí i, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ milling kékeré nílé ti mọ ìyẹn.

Orí ihò gbọọrọ yẹn ni wàhálà ti dé. Kọ́tà tí mo rà dúdú, mílímítà 8, eyín mẹ́rin, TiAlN, èròjà líle tó ní alumíníọ̀mù nínú, ni wọ́n fi bò ó lára. Ìbẹ̀rẹ̀ dùn. Kò pẹ́ tí ohùn ẹ̀rọ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, èérún tó ń ta síta kò ta mọ́. Mo pa á, mo gbé orí rẹ̀ sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. N kò rí eyín kankan. Alumíníọ̀mù ti kún gbogbo kòtò tó wà láàárín eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí àmàlà ṣe ń lẹ̀ mọ́ omorogùn, kọ́tà wá di ọ̀pá róbótó. Mo fi abẹ́rẹ́ ńlá tú u díẹ̀díẹ̀, ibi tí mo ti ń tú u ni etí eyín kan ti ré kúrò, torí carbide, ohun líle tí wọ́n fi ṣe kọ́tà náà, le lóòótọ́ ṣùgbọ́n kì í gba ìkọlù. Nígbà tí mo dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, ó kán.

Mo padà lọ bá ọkùnrin yẹn. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní aláwọ̀ wúrà ni kí n mú, pé òun gan-an ni ojúlówó. Owó ìyẹn tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. TiN, èròjà ìbora mìíràn, ni wúrà yẹn, eyín mẹ́rin náà ló sì ní. Ohun kan náà ló ṣe, kódà tirẹ̀ tún burú jù, torí inú pléètì ló wà nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Kí iná tó dé, gbogbo rẹ̀ ti tutù, alumíníọ̀mù ti gbá a mú pinpin. Mo fi ọwọ́ yí orí ẹ̀rọ sẹ́yìn, kò gbọ́. Mo tún rọra yí i, ó já sínú ibẹ̀. Abẹ́ pléètì ni mo ti dá ihò lu dé ìdí rẹ̀ kí n tó rí i fi irin tì jáde. Odidi ọjọ́ ló bá a lọ.

Mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì ní kí n da ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ó ki jù, kì í ráyè wọ ibi tí eyín ti ń gé, èéfín rẹ̀ sì bo gbogbo ilé. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì ti lò tán ní àwọn nǹkan tó lè fa jẹjẹrẹ awọ ara nínú, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ lásán dà.

Ìdí tí kọ́tà fi ń dí kò ṣòro láti mọ̀, ẹni tó ń tà á ni kò bìkítà. Nǹkan bíi 660 °C ni alumíníọ̀mù ti ń yọ́, irin kì í yọ́ àfi tó bá sún mọ́ 1,500 °C. Kí alumíníọ̀mù tó yọ́ ló ti ń rọ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ etí ohun tó ń gé e. Nínú TiAlN yẹn pàápàá, alumíníọ̀mù wà níbẹ̀. Irin líle tí à ń gbẹ́ ní gbígbóná, láìda nǹkan sí i, ni wọ́n ṣe é fún. Eyín mẹ́rin ò sì fi àyè sílẹ̀ fún èérún. Ẹ̀rọ mi ń yí ní ìgbà 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí mo bá fi ọwọ́ tì í lọ ní mílímítà 100 láàárín ìṣẹ́jú, eyín kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin ń bù tó 0.01 mílímítà péré. Eyín tó bá ń bù tó ìyẹn kì í gé nǹkan, ó kàn ń fi ara ra á ni, ibẹ̀ ni ooru ti ń wá.

Èyí tó parí iṣẹ́ náà ni carbide lásán, tí wọn ò fi nǹkan kan bò, tí wọ́n dán kòtò rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà, eyín méjì, tí ọ̀nà rẹ̀ lọ́ ní 45°. Ó tilẹ̀ dínwó ju aláwọ̀ wúrà lọ! Mo fi síríńjì fa kẹrosíìnì, mo ń kán an sí ẹnu ibi tó ń gé, mo ń lọ sílẹ̀ ní mílímítà kọ̀ọ̀kan, mo wọ gíláàsì ojú, mo sì ń fi pọ́ǹpù táyà kẹ̀kẹ́ fẹ́ èérún kúrò nínú ihò, torí èérún tí kọ́tà bá tún gé lẹ́ẹ̀kejì ló ń dí i. Èérún ń jáde ní kíká, ó ń dán, ariwo ò sí. Mo rí òjìji ìka mi lára ògiri ihò náà. Bóòtù M8, tó nípọn tó mílímítà 8, wọ inú rẹ̀, ó ń sún láìmì. Wẹ́dà tó fẹ́ bá mi ṣe ti irin wá wò ó, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó ní níbo ni mo ti rà á.

Àwọn ihò tí mo fi táàpù M8, irin tó ń gé ìlà yíyí sínú ihò kí bóòtù lè wọ̀ ọ́, ṣiṣẹ́ sí kò gba àkókò. Díríìlì mílímítà 6.8 ni ẹ béèrè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní 7 pé kò sí ìyàtọ̀. Kẹrosíìnì tí a fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ lù ló tó fún táàpù, kí ẹ sì máa yí i padà sẹ́yìn díẹ̀ kí èérún lè já.

Tí kọ́tà yín bá ti dí, ẹ má fi irin ha á. Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ń jẹ alumíníọ̀mù, kì í jẹ carbide lásán. Sódà ni kí ẹ dà sínú omi, ẹ má da omi lé sódà lórí, abọ́ ike sì ni kí ẹ lò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti gíláàsì ojú. Iná ò gbọ́dọ̀ sí nítòsí, torí gáàsì háídrójìn ló ń hó jáde níbẹ̀.

Soluble oil tí à ń pò mọ́ omi, ìwọ̀n kan sí mẹ́wàá tàbí sí ogún, dára fún ilé iṣẹ́ tó ní pọ́ǹpù. Nílé, tó bá ti jókòó pẹ́, á máa rùn, omi inú rẹ̀ á sì mú kí tábìlì ẹ̀rọ dógùn-ún. WD-40 náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó agolo rẹ̀ kò bá iṣẹ́ gbọọrọ mu. Kẹrosíìnì ni mo dúró lé. Ilé epo ni mo ti ń ra tèmi, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nínú jálá lẹ́bàá ọ̀nà, torí àwọn kan ń po petrol mọ́ ọn, mọ́tò ẹ̀rọ sì lè ta iná. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni mo gbé garawa iyanrìn gbígbẹ sí: tí èérún alumíníọ̀mù bá gbaná, ẹ má da omi sí i rárá.